Ẹ̀fọ́, ẹ̀kọ́, ẹ̀tọ́, ẹ̀ṣọ́: ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ orí káńtà àbí ti aláyẹ̀wò?

Ẹ fi ọwọ́ bo ẹnu, kí ẹ wá pe ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí: ẹ̀fọ́, ẹ̀kọ́, ẹ̀tọ́, ẹ̀ṣọ́. Ohùn kan náà ló wà lórí gbogbo wọn, dò-mí. Fáwẹ̀lì kan náà ni. Kọ́ńsónáǹtì àárín nìkan ló yà wọ́n, òun náà kò sì ju èémí fẹ́ẹ́rẹ́ tó sá gba ẹnu jáde lọ. Àgbàlagbà tí etí rẹ̀ ti ń wúwo á gbọ́ dò-mí yẹn kedere, á gbọ́ fáwẹ̀lì méjèèjì, ṣùgbọ́n èémí àárín yẹn ti sọnù kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ á wọlé pé, "Màámi, mo ti ra ẹ̀fọ́ bọ̀ láti Òyìngbò o." Ìyá á ní, "Ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n tún ń kọ́ ẹ ní Òyìngbò?" Ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà á bá wọn rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, á bá wọn rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, á dákẹ́, wọ́n á ní Màmá ti ń dàgbà, kì í fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ní ìsọ̀ ẹni tó ń tà á. Lílọ sókè sódò ohùn tí a fi ń sọ Yorùbá, ìsàlẹ̀ ló wà, bíi 100 sí 250 Hz lọ́fun ọ̀pọ̀ àgbà (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan; bó bá ṣe pọ̀ tó ni ohùn ṣe ń tín-ín-rín tó). Èémí s wà lókè 4,000 Hz, ti ṣ àti t kò jìnnà sí i nísàlẹ̀, f ní tirẹ̀ kò tiẹ̀ lágbára rárá. Òkè yìí sì ni ọjọ́ orí, ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ariwo ẹ̀rọ ata ti máa ń jẹ etí wá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí etí rẹ̀ ti dín kù ṣì fi lè gbọ́ ohun tí gángan ń wí, nítorí ohùn lásán ni gángan fi ń sọ̀rọ̀, kó má sì mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ pe ọ̀pá tàbí ọ̀tá. Èdè wa ń bo àṣírí etí. Èèyàn lè máa fi ohùn àti ìfura gbá ọ̀rọ̀ mú fún ọdún púpọ̀ kí ará ilé tó fura. (Ọmọ Ìbàdàn tí kì í ya s sọ́tọ̀ lára ṣ ti jẹ gbèsè tirẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ogbó. Ẹ má bínú.)

Òun náà ló fà á tí igbe kíké kì í fi ṣiṣẹ́. "Ẹ má pariwo mọ́ mi, mo ń gbọ́ yín! Kí lẹ tún ní ẹ wí?" Òótọ́ ni Bàbá ń sọ. Bí a bá kígbe, fáwẹ̀lì là ń gbé sókè. Èémí f kò ṣeé kígbe pè. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Nítorí náà ẹ̀rọ tó máa wúlò fún irú etí bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ohun tó wà lókè sókè, kó fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kó sì ṣe é níwọ̀n ibi tí etí ẹni yẹn gan-an bàjẹ́ dé. Gbogbo àríyànjiyàn lórí èyí tí a ń rà lórí káńtà àti èyí tí a ń gba ìwé àyẹ̀wò kí wọ́n tó tún un ṣe, orí gbólóhùn yìí ló dúró lé.

L'Ékòó, ohun mẹ́ta ló ń jẹ́ "ẹ̀rọ etí". Àkọ́kọ́ ni anpilifáyà: ike kékeré aláwọ̀ òyìnbó tí a ń fi há ẹ̀yìn etí, ó ní ibi tí a ti ń yí ohùn sókè àti bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án. Ohun gbogbo tó bá kó ló ń gbé sókè. Bí ẹ bá yí i sókè torí s, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á bá s wọlé. Ìkejì ni ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ orí káńtà ní tòótọ́, tí mo máa pè ní oníkáńtà. Ìkẹta ni aláyẹ̀wò, èyí tí onímọ̀ ìgbọ́rọ̀ ń so mọ́ kọ̀ǹpútà tí ó sì ń tún un ṣe gẹ́gẹ́ bí èsì àyẹ̀wò etí ẹni. Ìjà gidi kò sí láàárín oníkáńtà àti aláyẹ̀wò tó bí a ṣe rò. Anpilifáyà tó gbé agbádá oníkáńtà wọ̀ ló ń da ọjà rú.

Oníkáńtà ní ìtàn. Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀. Ọdún 2017 ni wọ́n ṣe òfin pé kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà, ìlànà tó jẹ́ kí ó bọ́ sọ́jà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá, ọdún 2022. FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, fi ààlà sí i. Àgbàlagbà tó ti pé ọdún 18 sókè nìkan ló wà fún, tó sì fúnra rẹ̀ rí i pé ìgbọ́rọ̀ òun dín kù díẹ̀ tàbí níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ohùn tó bá ti inú rẹ̀ jáde kò gbọdọ̀ kọjá 111 dB (dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe lágbára tó), àfi tó bá ní ohun tó ń tẹ ohùn ńlá mọ́lẹ̀ nínú, nígbà náà ó lè dé 117. Ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìlù etí ju mìlímítà 10 lọ. Ohùn tó bá gba inú rẹ̀ kọjá kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ìdá 15 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan, torí bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, èèyàn á máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ní méjì-méjì bí ẹni tó wọ inú àgbá. Ó sì gbọ́dọ̀ lè gbé ohùn dé 5,000 Hz, ó kéré tán. Ibi tí s ń gbé nìyẹn.

Òfin Amẹ́ríkà ni o. Kò bá páálí wọ ọkọ̀ ojú omi dé Àpápá. Ẹ wo bó ṣe máa ń lọ lójú káńtà.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó dáa fún bàbá arúgbó ni mo fẹ́."

"Àǹtí, èyí ló ń tà jù. FDA fọwọ́ sí i, ẹ wò ó lára páálí."

Ẹ wò ó lóòótọ́. Bí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá jẹ́ pé wọ́n ti forúkọ ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ FDA, ìforúkọsílẹ̀ lásán nìyẹn, kì í ṣe ìfọwọ́sí. FDA kì í fúnni ní sàtífíkéètì ìforúkọsílẹ̀ olóńtẹ̀ wúrà, bó ti wù kó dára lójú tó. Oníkáńtà gidi ní láti gbé "OTC" (ìkékúrú "over-the-counter", ìyẹn orí káńtà) àti "hearing aid" (ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀) síwájú páálí, kí ó sì kọ sára páálí lóde pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ lò ó, àwọn àmì tó yẹ kó gbé èèyàn lọ bá dókítà, bóyá ilé iṣẹ́ náà ń gbà á padà tàbí kò gbà, irú bátìrì tó ń lò, bóyá ó máa béèrè fóònù kó tó ṣiṣẹ́, àti bóyá àlòkù ni. Bí ẹ kò bá rí èyí tó pọ̀ nínú wọn, anpilifáyà lẹ dì mọ́wọ́. Bí wọ́n bá sì fi 125 tàbí 130 dB yangàn lára rẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ààbò iṣẹ́ ń lò ni pé etí lè fara da 85 dB fún wákàtí 8 lóòjọ́. Gbogbo 3 dB tó bá gun orí rẹ̀ ń gé àkókò yẹn sí méjì, tó fi jẹ́ pé bó bá dé 100 dB, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Èèyàn lè ra ẹ̀rọ tó máa jẹ ìyókù etí rẹ̀.

Ti AirPods Pro 2, èyí tí Apple ṣe tí a ń ki bọ etí gbọ́ orin, yàtọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni FDA fàyè gba ètò inú rẹ̀ tó sọ ọ́ di ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ orí káńtà, fún àgbàlagbà tí ìgbọ́rọ̀ rẹ̀ dín díẹ̀ tàbí níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Orí iPhone ni èèyàn á ti ṣe àyẹ̀wò náà. Fún ẹni àádọ́ta ọdún tí kò gbọ́ ìpàdé dáadáa mọ́, ó bójú mu. Fún ìyá àgbà, mi ò rò bẹ́ẹ̀: bátìrì rẹ̀ kò ju bíi wákàtí mẹ́fà lọ, ẹni tó bá sì rí i létí Màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì á rò pé orin ni Màmá ń gbọ́, kò ní bá a sọ̀rọ̀. Kí wá ni a rà á fún?

Ta ni oníkáńtà lè ṣe lóore? Ẹni tí etí rẹ̀ méjèèjì jọ lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún púpọ̀. Ó ń gbọ́ èèyàn kan nínú yàrá tó dákẹ́, ó ń gbọ́ fóònù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pé mẹ́rin tàbí tí wọ́n bá tan fáànù, ọ̀rọ̀ á dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó máa ń ní kí wọ́n tún un sọ. Ó ń gbé tẹlifíṣàn sókè ju bí àwọn ará ilé ṣe fẹ́. Ní ìwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé, irú etí bẹ́ẹ̀ wà láàárín 20 sí 50 dB (ìyẹn ohùn tó kéré jù tí etí náà lè gbọ́; bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni etí ṣe bàjẹ́ tó): 20 sí 35 ni díẹ̀, 35 sí 50 ni ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bó bá ti kọjá ibẹ̀, tí Bàbá kò gbọ́ ẹni tó jókòó tì í nínú yàrá tó pa rọ́rọ́, oníkáńtà kò lágbára tó. Yóò yí i dé òpin, yóò máa súfèé, ọ̀rọ̀ kò sì ní mọ́lẹ̀.

Àwọn kan wà tí mi ò ní jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ káńtà rárá. Ọmọdé ni àkọ́kọ́, kò sí àwíjàre. Ẹni tí etí rẹ̀ ń sọyún ni ìkejì: bí a bá fi rọ́bà dí ihò etí tó ń sọyún, ńṣe la bo ìkòkò ọbẹ̀ tó ti kan. Ẹni tí etí rẹ̀ ń dùn ún, tí ẹ̀jẹ̀ ń ti ibẹ̀ jáde, tàbí tí òòyì ń kọ́. Ẹni tí etí kan kò gbọ́ tó èkejì, tàbí tí etí kan ṣoṣo ń hó. Ó lè jẹ́ nǹkan kékeré, ó sì lè jẹ́ kókó tó ń hù lára iṣan ìgbọ́rọ̀, dókítà ló máa mọ̀. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù ni ti ẹni tó sùn tó jí tí etí kan ti dí pátápátá, tàbí tí ó lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má dúró wò ó. Ẹ má rọ epo àgbọn sí i. Oògùn wà fún un tó máa ń ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá tètè lò ó láàárín ọjọ́ díẹ̀, agbára rẹ̀ sì ń dín kù bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń kọjá. Ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun wà ní ilé ìwòsàn ńlá LUTH ní Ìdí-Àràbà, ó wà ní LASUTH ní Ìkẹjà. Ẹni tó lo abẹ́rẹ́ jẹntamáísìn tàbí sítírẹ́pítò púpọ̀ rí náà, kó sọ ọ́ fún dókítà, torí oògùn wọ̀nyí lè ba inú etí jẹ́.

Ìdọ̀tí etí ńkọ́? Ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀ pé èèyàn ra ẹ̀rọ olówó iyebíye fún etí tí ìdọ̀tí dí. Ìyẹ́ adìẹ tí àwọn àgbà fi ń ro etí, òwú orí ọ̀pá, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò (bẹ́ẹ̀ ni, kọ́kọ́rọ́), gbogbo wọn ló ń ti ìdọ̀tí wọ inú lọ títí á fi le bí ògiri. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ẹ̀rọ èyíkéyìí, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà fi fìtílà ìwotí wo ihò náà. Bí ìdọ̀tí bá wà, kí wọ́n yọ ọ́, kí a wá mọ ohun tó kù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àyẹ̀wò gan-an, tí kò gbà ju bíi wákàtí kan lọ. Onímọ̀ ìgbọ́rọ̀ á kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè, á wo ihò etí, á fi ẹ̀rọ kan fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí ìlù etí láti mọ̀ bóyá ó ń mì bó ṣe yẹ. Ẹ ó wọ yàrá kékeré tí ariwo kì í wọ̀, wọ́n á gbé hẹ́dìfóònù lé yín lórí, ẹ ó sì máa tẹ bọ́tìnnì bí ẹ bá ti gbọ́ píì, bó ti wù kó kéré tó, láti 250 Hz dé 8,000. Wọ́n á tún fi nǹkan kan há egungun ẹ̀yìn etí. Èyí ló ń sọ ibi tí ìṣòro wà: bí egungun bá gbọ́ dáadáa tí ihò etí kò gbọ́, ọ̀nà ló dí, dókítà lè tún un ṣe, bí àwọn méjèèjì bá jọ lọ sílẹ̀, inú lọ́hùn-ún ni, ẹ̀rọ ló kàn. Èsì rẹ̀ ni ìwé tí wọ́n ń pè ní ọ́díógíráàmù. Òdo pupa ni etí ọ̀tún, àmì X aláwọ̀ búlúù ni ti òsì. Ara ẹ̀rọ pàápàá, àwọ̀ kan náà ni: pupa fún ọ̀tún, búlúù fún òsì. Ẹ gba ìwé yẹn, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù. Tiyín ni. Ẹ lè gbé e lọ síbòmíì. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu dán yín wò, ẹ ní kí wọ́n fi Yorùbá ṣe é fún Màmá. Bí òyìnbó kò bá yé e, èdè ni wọ́n ń dán wò, kì í ṣe etí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ara ẹ̀rọ ni owó aláyẹ̀wò wà. Apá kan ni. Maikirofóònù, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń ro ohùn, sípíkà tó kéré ju hóró àgbàdo lọ, bátìrì: oníkáńtà rere náà ní gbogbo ìwọ̀nyí. Ìyàtọ̀ wà nínú iṣẹ́ ọwọ́. Fún etí tó bàjẹ́ jù, wọ́n á mọ rọ́bà tó bá ihò etí mu gẹ́lẹ́: òwú olókùn á kọ́kọ́ wọlé láti dáàbò bo ìlù etí, wọ́n á fi sílíkóònù kún ihò náà, wọ́n á dúró bíi ìṣẹ́jú márùn-ún kó le, wọ́n á fà á yọ, ohun tó bá jáde ni wọ́n á fi mọ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni títún ohùn ṣe. Kọ̀ǹpútà á fi ọ́díógíráàmù yín ṣírò iye tó yẹ kí ẹ̀rọ gbé sókè ní ohùn kọ̀ọ̀kan. Àbá lásán ni ìṣírò yẹn, nítorí ihò etí kò rí bákan náà. Ẹni tó mọṣẹ́ á ti rọ́bà tínrín bí okùn ìránṣọ sínú etí pẹ̀lú ẹ̀rọ, á wọn ohùn tó wà nítòsí ìlù etí gan-an, á sì tún un ṣe títí méjèèjì á fi dọ́gba.

Ibí yìí ni wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ. Oníbàárà á san owó aláyẹ̀wò, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì kan lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á ní ó ti parí. Kò sí rọ́bà, kò sí wíwọ̀n, kò sí ọjọ́ tí ẹ ó padà wá. Oníkáńtà olówó ńlá lẹ rà nìyẹn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n: ṣé ẹ máa wọn ohùn inú etí? Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo lè padà wá láìsan òmíràn? Ṣé ilé ìtọ́jú mìíràn lè ṣí ẹ̀rọ yìí tún ṣe, àbí ẹ ti tì í pa mọ́ ọ̀dọ̀ yín? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ṣe kókó, torí àwọn ẹ̀rọ kan wà tí ilé ìtajà tó tà á nìkan ló lè tún un ṣe. Bí ilé ìtajà náà bá kó lọ, ike lásán ló kù.

Tòkunbọ̀ náà wà. Ọmọ tó wà ní London á fi ẹ̀rọ tí ìyá ọkọ rẹ̀ tó ti kú ń lò ránṣẹ́. Inúure ni, ṣùgbọ́n bíi gíláàsì ojú ẹlòmíì ni: etí olóògbé ni wọ́n tún un ṣe fún. Ó lè wúlò bí agbára rẹ̀ bá tó fún etí tuntun, bí onímọ̀ ìgbọ́rọ̀ bá rí i ṣí, tí wọ́n sì pààrọ̀ gbogbo rọ́bà ara rẹ̀. Láìsí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n má fi í sétí.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí iná, torí Èkó là ń gbé. Èyí tó ń gba ṣájì máa ń lò tó ọjọ́ kan, ó sì gbọ́dọ̀ sùn sórí ṣájà lálaalẹ́. Bí kò bá síná, ọ̀pọ̀ ṣájà rẹ̀ ló ń jẹun lára páwà báǹkì, ẹ béèrè kí ẹ tó rà á. Èyí tó ń lo bátìrì kékeré kò bá NẸ́PÀ jà. Àwọ̀ ni a fi ń mọ bátìrì rẹ̀: yẹ́lò ni 10, búráùn ni 312, olómi ọsàn ni 13, búlúù ni 675. Bí nọ́ńbà 10 bá lo ọjọ́ mẹ́ta sí méje, 675 lè kọjá ọ̀sẹ̀ kan dáadáa. Atẹ́gùn ni bátìrì yìí fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ yí i padà, ẹ ó rí ihò tíntìntín lẹ́yìn rẹ̀ tí bébà kékeré kan bò. Ẹ ṣí bébà náà, ẹ gbé bátìrì sórí tábìlì kí ihò rẹ̀ wà lókè, ẹ ka ìṣẹ́jú kan sí márùn-ún kí atẹ́gùn wọlé, kí ẹ tó tì í sínú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá kánjú tì í wọlé á ní ayédèrú ni. Bébà tí ẹ bá ti ṣí, ẹ ti ṣí i, lílẹ̀ ẹ́ padà kò dá a dúró. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára páálí. Bátìrì aago kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ sì gbé e jìnnà sí ọmọdé, torí bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun láàárín wákàtí díẹ̀. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni.

Ọ̀tá ẹ̀rọ l'Ékòó ju iná lọ ni omi. Òógùn inú danfo, ọ̀rinrin etí ọ̀sà, òjò. Ẹ wá ike olómorí, ẹ kó àpò hóró kékeré tí wọ́n máa ń fi sínú bàtà tuntun sí i, kí ẹ̀rọ tó ń lo bátìrì sùn síbẹ̀ lálaalẹ́, ẹnu ilé bátìrì ní ṣíṣí. Ẹ máa pààrọ̀ hóró náà. Kò sí oòrùn, kò sí máíkírówéfù. Mùsùlùmí tó ń ṣe àlùwàlá ní láti yọ ọ́ kó tó fi omi pa etí, lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́. Kó nu ẹ̀yìn etí gbẹ kó tó dá a padà. Ẹni tó ń dé fìlà abetí-ajá tàbí tó ń wé gèlè ńlá, aṣọ tó bo maikirofóònù á máa ṣe ṣàràṣàrà, ohùn tó sì ń ta padà lára aṣọ á mú un súfèé. Kí wọ́n wé gèlè náà sẹ́yìn díẹ̀, kí etí yọ.

Súfèé yìí ló ń gbé ẹ̀rọ wọ inú dúrọ́ọ̀ jù. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Ohùn tó ti ẹnu sípíkà jáde ló rí àyè sá jáde ní ẹ̀gbẹ́ rọ́bà, tí maikirofóònù tún gbé e, tí wọ́n ń lé ara wọn kiri. Bí rọ́bà bá kéré jù, bí kò bá wọlé dáadáa, bí ìdọ̀tí bá dí ihò etí tó ń ta ohùn padà, súfèé á dé. Páálí oníkáńtà sábà máa ń ní rọ́bà oríṣiríṣi. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbìyànjú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ohùn bá sì rẹlẹ̀ lójijì, ẹ wo asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó bú ẹni tó tà á. Ìdọ̀tí etí ló máa ń dí i. Ìpààrọ̀ rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú méjì.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í dùn. Ìwé á máa ta bí iná, omi bàlùwẹ̀ á dún bí òjò páànù, ohùn ara ẹni á dà bíi ti ẹni tó ki orí bọ ìkòkò. Kí Màmá fi í sétí wákàtí kan tàbí méjì nínú ilé, kí ẹnì kan ṣoṣo bá a sọ̀rọ̀; kí ó fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ọpọlọ nílò bí oṣù kan sí mẹ́ta kí ó tó mọ̀ pé fáànù ni fáànù. Ẹ má kọ́kọ́ gbé e lọ òwàm̀bẹ̀. Ẹ̀rọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún náírà kò lè yọ ohùn èèyàn kan nínú ìlù, sípíkà ńlá òde ijó àti "Ó wà ó!" kọ́ńdọ́ danfo lójú títì. Àfi kí ẹ sún mọ́ ọn tó mítà kan, kí ẹ kọjú sí i.

Bí wọ́n bá bi mí, bí mo ṣe máa ná owó náà rèé. Àyẹ̀wò ni máa kọ́kọ́ san, kódà bí oníkáńtà ló wù mí. Bí ìwé bá wà láàárín 20 sí 50, tí kò sí àmì ewu, oníkáńtà gidi tó ní ọjọ́ ìdápadà tó ṣe gúnmọ́ tó, ó sì sàn ju aláyẹ̀wò tí wọ́n fi kánjúkánjú ṣe lọ. Bó bá ju 50 lọ, tàbí tí ìlà ọ̀tún àti òsì kò jọra, aláyẹ̀wò ni, kò sí àdúrà níbẹ̀. Máa yan aláyẹ̀wò méjì tí kò ní àrà púpọ̀ ju ọ̀kan ṣoṣo tó ní gbogbo àrà ayé lọ, torí etí méjì ló ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Èyí tó ń há ẹ̀yìn etí ni máa mú fún ọwọ́ àgbà. Èyí tó ń sá pamọ́ sínú ihò etí lẹ́wà, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ kéré bí hóró ẹ̀wà, òógùn àti ìdọ̀tí sì ń tètè pa á.

Kí ẹ tó rà á, ẹ kọ ẹ̀fọ́, ẹ̀kọ́, ẹ̀tọ́ àti ẹ̀ṣọ́ sórí bébà ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún-marùn-ún, kí ẹ dà wọ́n rú, ogún ọ̀rọ̀ lápapọ̀. Ẹ pa fáànù. Ẹ dúró níwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn Màmá, ẹ pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, ẹ kọ ohun tó bá sọ pé òun gbọ́. Ẹni tó kàn ń méfò á mú bíi márùn-ún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹ̀rọ ti wà létí, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú bébà mìíràn. Bí iye tó gbà kò bá kúrò níbi tó wà, ẹ má yí ohùn sókè. Ẹ gbé bébà méjèèjì lọ bá ẹni tó tún ẹ̀rọ náà ṣe, kí ó rí i pé ẹ̀fọ́ àti ẹ̀ṣọ́ ni Màmá ń kùnà sí, tí ẹ̀kọ́ kò sì yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Á mọ ibi tó yẹ kó fọwọ́ kàn.